Àwọn Tó Ń Ta Iná Lésà fún Ilé-Iṣẹ́ Ṣíìpù

Ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù. Ẹ ó bá a níbi tó dorí kodò sí pánẹ́ẹ̀lì, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, tó sì ń fi ẹ̀mú tínńrín yọ nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan kúrò lójú rẹ̀. Ṣíìpù nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi fín iṣẹ́ inú rẹ̀, àwọn tó sì ń ta lésà tó ń mú ìmọ́lẹ̀ náà wá kò pọ̀ rárá lágbàáyé.

Bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń fi páànù tí a gé àwòrán sí lára tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi oje kan pa àwo sílíkọ̀nì lójú. Wọ́n á wá tan lésà gba ara àwòrán kọjá. Ibi tí iná bá kàn yóò yí padà, wọ́n á sì fọ oje tí wọn ò fẹ́ dànù. Bí ìgbì iná bá ṣe kúrú tó ni ilà rẹ̀ ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Èyí ló gbé àwọn aṣeṣíìpù kúrò lórí ìgbì tó gùn tó nànómítà 248 lọ sí 193.

Ilé-iṣẹ́ Cymer ni ọ̀gá ọjà lésà yìí tipẹ́. Robert Akins àti Richard Sandstrom ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1986 ní San Diego, ní Amẹ́ríkà. Lambda Physik ti Jámánì bá wọn du ọjà náà títí tó fi yẹra. Lọ́dún 2000, Komatsu àti Ushio ti Japan para pọ̀ dá Gigaphoton sílẹ̀ ní Oyama; Komatsu sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́dún 2011. Ọ̀rọ̀ wá yí padà ní 2013, nígbà tí ASML ti Netherlands, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfínṣíìpù, ra Cymer. Àṣé Nikon àti Canon, tí wọ́n ń bá ASML díje, Cymer kan náà làwọn náà ń ra lésà lọ́wọ́ rẹ̀! Ta ló fẹ́ kí alátakò òun máa ta iná fún òun? Lójú tèmi, Gigaphoton ni kò jẹ́ kí ọjà lésà yìí di ti ẹnì kan ṣoṣo, ó sì yẹ ká kí wọn fún un.

Gáàsì neon ló pọ̀ jù nínú àwọn lésà wọ̀nyí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní 2022, ilé-iṣẹ́ méjì ní Mariupol àti Odessa, tó ń pèsè nǹkan bí ìdajì neon tí àwọn aṣeṣíìpù ń lò, ti ilẹ̀kùn. Èyí mú kí ọ̀rọ̀ bí a ṣe lè fọ gáàsì tún lò túbọ̀ ṣe pàtàkì.

Nídìí ṣíìpù tuntun jù lọ, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ nànómítà 13.5 fín, ìdíje kò tíì sí. Lésà ilé-iṣẹ́ Trumpf, ti Ditzingen ní Jámánì, ló ń lu ẹ̀kán tánganran tó ti yọ́, irú tánganran tí wọ́n ń wà ní Jos, ní ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì: ìlù àkọ́kọ́ á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ìkejì á sọ ọ́ di iná. Ẹ̀kán 50,000 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. ASML nìkan ló ń ta ẹ̀rọ ìfínṣíìpù tó ń lo iná yìí. Ní 2025, Pat Gelsinger, ọ̀gá Intel tẹ́lẹ̀, lọ dara pọ̀ mọ́ xLight, tó fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń mú kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré mú irú iná kan náà jáde.