Epo Tí A Fi Dín Àkàrà àti Díísù Apápá: Ta Ló Kọ́kọ́ Fi Òróró Wa Ọkọ̀?

Àwọn àgbà tó pẹ́ ní Apápá àti Ajégúnlẹ̀ fẹ́ràn láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ létí pé láyé ọjọ́un, epo ló ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde, epo kì í wọlé wá bá wa. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń sọ, òótọ́ sì ni. Ọdún 1926 ni èbúté Apápá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ òkun, ojú irin sì ń kó ẹrù láti òkè wá bá a. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí Lord Leverhulme dá sílẹ̀ ní 1923, tí a mọ̀ sí Unilever lónìí, Apápá náà ló fìdí kalẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni epo ọ̀pẹ ti ń kọjá. Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Coconut ní Apápá tàbí lọ́nà Kìríkìrì lónìí, táńkà ni yóò rí tó tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n wá kó epo tí ọkọ̀ òkun já sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló bí ìbéèrè tí a fẹ́ tú palẹ̀ níbí: báwo ni epo jíjẹ ṣe di ohun tí ń wa ẹ́ńjìnnì, báwo ni ìtàn náà sì ṣe kàn wá, àwa tí epo náà ti ọ̀dọ̀ wa jáde?

Lórí ẹni tó kọ́kọ́ fi òróró tan ẹ́ńjìnnì, àríyànjiyàn kò tíì tán. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni pé Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe díísù, dìídì ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nítorí òróró ẹ̀pà ni, àti pé òróró náà ló fi tan án ní ìlú Augsburg ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1893. Títí di òní ni wọ́n ń fi ọjọ́ náà ṣe àjọ̀dún biodiesel, ìyẹn díísù tí a fi òróró ṣe, káàkiri àgbáyé. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí Diesel fúnra rẹ̀ kọ ní 1912, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ni pé ilé iṣẹ́ Otto ló gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris ní 1900, tí wọ́n fi òróró ẹ̀pà tan án, tó sì ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé kì í ṣe epo inú ilẹ̀ ló ń jó nínú rẹ̀. Diesel kọ́ ló sì ronú kàn án. Ìjọba Faransé ló ní kí wọ́n dán an wò, torí pé ẹ̀pà pọ̀ lọ jàra ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìdúró de èédú tàbí epo tí ọkọ̀ òkun bá gbé wá. Áfíríkà ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń dán an wò, irè oko Áfíríkà sì ló mú èrò náà wá sí wọn lọ́kàn. Ó dun èèyàn pé nínú gbogbo ìtàn náà, orúkọ ọmọ Jámánì nìkan ló kù lẹ́nu wa.

Apá kejì àríyànjiyàn náà tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró tí a kò tí ì fọwọ́ kàn máa ń ki jù fún ẹ́ńjìnnì, bó bá sì pẹ́, a máa dì mọ́ ojú ihò tí epo ń gbà tú sínú rẹ̀. Ẹni tó rí ọgbọ́n tó borí èyí ni G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels, tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1937. Epo pupa, irú èyí tí Belgium ń kó bọ̀ láti Congo, ló ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó fi ọtí líle ṣe é, epo mìíràn tó ṣàn dáadáa sì jáde. Ní 1938 bọ́ọ̀sì èrò kan ná ọ̀nà Brussels sí Louvain pẹ̀lú epo náà. Àwọn ará Brazil a máa sọ pé Expedito Parente, ọmọ ìlú wọn, ni baba biodiesel, nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì Louvain ti rìn ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú rẹ̀. Epo pupa àti ọtí: ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo àti àwọn Yorùbá yòókù ti jọ ń gbé, ta ni kò mọ méjèèjì?

Iṣẹ́ ṣíṣe biodiesel fúnra rẹ̀ fẹ́ jọ ọṣẹ síse. Wọn a kọ́kọ́ sẹ́ òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan, kí pàǹtí àkàrà àti eegun ẹja lè kúrò nínú rẹ̀. Wọn a gbé e kaná kí omi inú rẹ̀ gbẹ, torí omi ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni wọn a po sódà mọ́ methanol, irú ọtí kan, wọn a dà á sínú òróró tó gbóná níwọ̀nba, wọn a sì máa rò ó fún nǹkan bíi wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ohun tó wà nínú àgbá náà á ti pín sí méjì: èyí tó pọ́n, tó sì wúwo á wà nísàlẹ̀, òun ni glycerine, èyí tó mọ́ gaara bí oyin á wà lókè, òun ni biodiesel. Lítà mẹ́wàá òróró àti lítà méjì methanol a máa mú nǹkan bíi lítà mẹ́wàá biodiesel wá. Bí omi bá ṣẹ́kù sínú òróró, tàbí tí sódà bá pọ̀ jù, ọṣẹ ni gbogbo rẹ̀ máa dì.

Níbo wá ni òróró yóò ti wá? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé inú agbada àwọn tó ń dín nǹkan tà ló yẹ kó ti wá, kí a má fọwọ́ kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ. Láti Boundary dé Tòlú ní Ajégúnlẹ̀, bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti lé, agbada àkàrà, dùndú, pọ́fúpọ́fù àti ẹja díndín á ti wà lórí iná. Òróró tí wọ́n ń gbé kaná léraléra a máa dúdú, a máa hó yéè, a sì máa rú èéfín. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí ọkàn á dà á sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sínú kánàálì, á sì dì mọ́ ìdọ̀tí tó ń dí omi lọ́nà nígbà òjò. Ẹni tí owó bá há mọ́ lọ́wọ́ á ṣì máa dín nǹkan nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó ń fowó ra òróró náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tún gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Èrè biodiesel fún afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú kò kéré. Ìwádìí kan tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ pa nǹkan bíi 11,200 èèyàn ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2018, èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ sì wà lára ohun tó fà á. Ní 2016, òfin ilẹ̀ wa ṣì gba kí imí ọjọ́ inú díísù tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí ti Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò láti mú un wálẹ̀ sí 50. Imí ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá nínú biodiesel. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2002 pé biodiesel tí a kò pò mọ́ nǹkan kan a máa dín èérún dúdú inú èéfín kù ní nǹkan bí ìdajì. Òótọ́ kan wà tí kò yẹ ká bò mọ́lẹ̀: afẹ́fẹ́ nitrogen oxide a máa pọ̀ sí i díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀, bíi 10 nínú 100. Pẹ̀lú ìyẹn náà, èrè ṣì ju àdánù lọ fún ọmọdé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí tírélà ń gbà.

Àwọn kan á ní ebi ń pa ìlú, a sì ń fi epo wa ọkọ̀. Àtakò gidi nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n dúró lórí òróró agbada nìkan. Ọ̀pẹ mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní Indonesia ní 1848, ìran ọ̀pẹ Áfíríkà sì ni. Ní 2025 Indonesia pàṣẹ pé kí 40 nínú 100 díísù wọn jẹ́ ti epo ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ igbó ni wọ́n ti run nítorí oko ọ̀pẹ. Nàìjíríà, tó ti ṣíwájú gbogbo ayé rí nínú títa epo pupa, ń ra epo ọ̀pẹ láti òkèèrè báyìí. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 fẹ́ kí biodiesel jẹ́ 20 nínú 100 díísù wa. Bí a bá fẹ́ fi epo pupa ọbẹ̀ ṣe ìyẹn, owó epo ò ní ṣeé gbọ́ sétí. Igi làpálàpá tí wọ́n pariwo kiri nígbà náà pé yóò so èso lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá náà kò mú ìlérí ṣẹ.

Ẹlòmíràn á ní òróró agbada kò lè pọ̀ tó ohun tí táńkà kan gbé. Kò ní pọ̀ tó o. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó wa gbogbo tírélà Apápá? Ẹ̀rọ ìlọta wà ládùúgbò, jẹnẹrétọ̀ tó ń mú ẹja tutù wà, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí náà wà. Ní 2024 tí lítà díísù kọjá 1,000 náírà, lítà kọ̀ọ̀kan tí a bá rí ládùúgbò, owó ló jẹ́ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ àti fún ìyá aláàkàrà tó ta ìsàlẹ̀ agbada rẹ̀. Glycerine tó bá ṣẹ́kù ṣeé lò fún ọṣẹ.

Àtakò tó wúwo jù lójú tèmi ni ti methanol. Májèlé ni. Ní 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa èèyàn ní Òde-Ìrèlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers. Fún ìdí èyí, a kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ibi kan tí ìjọba fọwọ́ sí, tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń bójú tó, nìkan ló yẹ kí methanol wọ̀. Ohun tí àdúgbò ní láti ṣe kò ju kíkó òróró jọ lọ.

Àwọn àgbà sọ pé láyé ìgbà tí epo pupa ni wọ́n fi ń dín àkàrà, epo kì í ṣẹ́kù débi tí wọ́n á máa wá ibi dà á sí. Ayé ìgbà yẹn ti lọ, òróró inú kẹ́ẹ̀gì la ń lò báyìí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti LAWMA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí l'Ékòó, gbé àgbá tó ní ìdérí sí ọjà Boundary, kí wọ́n fi iye tí wọn yóò máa ra lítà kan hàn gbangba, kí wọ́n sì san án lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń dín nǹkan tà, títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sẹ́ òróró yín sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, ẹ má dà á sí gọ́tà mọ́.