Obì tí a fẹ̀sọ̀ jẹ: Ẹ̀kọ́ láti ilé àlejò Japan fún Ìsẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ àti Èmùré

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ilé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, omi tútù ni onílé yóò kọ́kọ́ gbé fún un, lẹ́yìn náà ni obì. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, mínírà ló ti gba ipò obì lórí àwo. Obì fúnra rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ di ohun tí awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń rún lẹ́nu kí oorun má baà gbé wọn lọ.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé orúkọ obì yìí náà ló wà lára Coca-Cola, mínírà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Atlanta, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1886.

Kì í ṣe Èkìtì nìkan ló ń fi ohun kíkorò gba àlejò. Ní Japan, àwọn ilé àlejò ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ryokan. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn, Nishiyama Onsen Keiunkan, ọdún 705 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí àlejò bá débẹ̀, yóò bọ́ bàtà, yóò jókòó sórí ẹní, wọn yóò sì gbé tíì àti ìpápánu dídùn díẹ̀ wá fún un. Tíì náà kò ní mílíìkì, kò ní ṣúgà. Àlejò yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò rọra mu ún, yóò jẹ́ kí àárẹ̀ ìrìn àjò kúrò lára. Sen no Rikyu, tó gbé ayé láti 1522 sí 1591, wà lára àwọn tó fi ìlànà tíì mímu múlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìpàdé onílé àti àlejò kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀méjì.

Èròjà kan náà, kaféìnì, ló wà nínú tíì àti obì. Ọ̀wọ̀ tí Japan ń fi fún tíì, àwọn baba wa fi fún obì.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó di ará ilé Arinjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, tó sì kú lọ́dún 1938. Ó gbẹ́ igbá obì kan: obìnrin kúnlẹ̀, ó gbé igbá lọ́wọ́, àwọn ọmọbìnrin ń jó lórí ìdérí. Nísàlẹ̀, orí ènìyàn kan ń yí gbirigbiri láàárín àwọn ère kéékèèké, kò sì ṣeé mú jáde, nítorí igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lára. Olúmẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe irú ère bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹni tó mọ ẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n igbá náà kò sí nílé mọ́. Washington ló wà, ní National Museum of African Art. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ wà ní British Museum ní London láti ọdún 1924, òpó ààfin náà sì wà ní Chicago.

Igbá ti lọ, àmọ́ obì ṣì wà lóko. Gbàǹja aláwẹ́ méjì pọ̀ lọ́jà. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni ti àdúrà. Wọn yóò wúre pé kí obì bi ikú, kí ó bi àrùn. Wọn yóò fọwọ́ pa á, wọn yóò pín in kárí, bí ó ti wù kí awẹ́ kéré tó. Onílé náà yóò jẹ tirẹ̀ kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ẹni tó bá rọra rún un yóò rí i pé ó kọ́kọ́ korò, ṣùgbọ́n bí ó bá mu omi tẹ̀lé e, omi yóò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú kò ní mọ ìgbà tí adùn náà dé. Ìwọ̀nba sì ni kí ó jẹ́, pàápàá lálẹ́, kí oorun má baà dá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àlejò bá tún kan ilẹ̀kùn yín, ẹ gbé omi, ẹ gbé obì, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí àwọn ọmọ wa kò bá rí i nílé, àwọn àjèjì tó ń wo igbá Ọlọ́wẹ̀ ní Washington ni yóò máa sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń fi igbá náà ṣe.