Ẹjọ́ Àwọn Tí Ọkọ̀ Clotilda Kó

Apòmù àti Ìkirè jẹ́ ìlú méjì tí ó múlé ti ara wọn lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí lè máà mọ̀ pé ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn, ọjà Apòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé, àti pé a máa ń ta ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ a máa jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, wọn a sì tà á fún ẹni tí yóò mú un lọ sí ìhà òkun. Ọọ̀ni pàṣẹ fún Baálẹ̀ Apòmù pé kí ó fi òpin sí i. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ sọ pé Awólẹ̀, ẹni tí í ṣe ọmọ ọba Ọ̀yọ́, ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ ní ọjà yìí, Baálẹ̀ sì ní kí a nà án gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí Awólẹ̀ wá di Aláàfin, ó dìde láti gbẹ̀san. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Òfin na ọmọ ọba, ọmọ ọba sì padà wá na òfin.

Ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò tilẹ̀ gbé ẹgba rẹ̀ sókè. Láti ọdún 1808 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ti ní ẹrú nílé lè máa lò ó lọ. Ní 1820 wọ́n fi kún un pé ẹni tí ó bá rú òfin náà, olè ojú òkun ni, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ tí ó ní ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ ní Mobile, ṣe ìlérí lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun yóò kó ẹrú wọlé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi òun ṣe. Ó rán ọ̀gá ọkọ̀ kan tí a ń pè ní William Foster pẹ̀lú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah ní 1860.

Ní ọdún náà gan-an, àwọn ọmọ ogun Gléglé, ọba Dàhòmì, ti tú ìlú kan ká níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí ń jẹ́ Kossola ń gbé, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Kossola wà lára àwọn ènìyàn bí 110 tí Foster rà. Òru ni wọ́n wọ Mobile ní oṣù keje 1860. Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà pamọ́ sínú igbó irà, Foster sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú.

Síbẹ̀ àṣírí tú, ìjọba sì pe Meaher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹjọ́ náà ṣe rí. A wá ọkọ̀ tì, nítorí ó ti jóná ó sì ti rì. A ní àwọn aṣojú ìjọba kò rí àwọn ẹrú náà níbi tí wọ́n ti wá wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí wọn ńkọ́? Òfin Alabama lákòókò náà kò gbà kí aláwọ̀ dúdú jẹ́rìí lòdì sí aláwọ̀ funfun nílé ẹjọ́. Ẹnu tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ó lè ròyìn ohun tí ojú wọn rí, kò sì sí ọ̀kan tí a lè gbọ́. Yorùbá a máa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní oṣù kìn-ín-ní 1861, wọ́n tú ẹjọ́ náà ká. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Alabama ya kúrò lára Amẹ́ríkà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé òfin 1820 kò ní eyín. Ní 1862 wọ́n so Nathaniel Gordon kọ́ ní New York nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n sì so kọ́ fún un.

Kossola àti àwọn yòókù ṣe ẹrú títí di 1865. Nígbà tí wọ́n di òmìnira, wọ́n bẹ Meaher pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú kan dó tí wọ́n pè ní African Town. Wọ́n fún ọmọ wọn ní orúkọ ilé pẹ̀lú orúkọ Amẹ́ríkà. Kossola náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis.

Ilé ẹjọ́ kò sì tán lọ́rọ̀ Kossola. Ní 1900, wọ́n dá ọmọ rẹ̀ kan lẹ́bi pé ó pa ènìyàn láìmọ̀-ọ́n-mọ̀, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, kí gómìnà tó dárí jì í. A rí i pé òfin tètè rí ọmọ ẹni tí a jí gbé, bí kò tilẹ̀ rí ẹni tí ó jí i gbé. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kọlu Kossola fúnra rẹ̀, ó sì fara pa. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, wọ́n dá a láre pé kí wọ́n san 650 dọ́là fún un. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Alabama yí ìdájọ́ náà padà, kọ́bọ̀ kò sì kàn án lọ́wọ́. Ní 1931, Matilda McCrear, obìnrin Yorùbá tí ọkọ̀ yìí gbé wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti bèèrè owó gbà-má-bínú. Adájọ́ dá a padà lọ́wọ́ òfo.

Kossola kú ní 1935, Matilda ní 1940. Ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n ti rí òkú ọkọ̀ Clotilda nínú ẹrọ̀fọ̀ odò Mobile, àmì iná sì wà lára pákó rẹ̀.