Ajá Onírin Tí Kò Ní Èèwọ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan yìí lè ya àwọn àgbà kan lẹ́nu, torí eré àwọn ọmọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin. Ọ̀rọ̀ orí àti ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ló pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó ti tó ọdún méjì tí kì í bi mí ní nǹkan kan mọ́ nípa ẹ̀sìn wa. Bó bá ti kí mi tán, ìyá rẹ̀ ló máa gbé fóònù fún. Lọ́jọ́ yìí, ó ní, “Bàbá àgbà, nígbà tí Ọbàtálá ń mọ ènìyàn, báwo ló ṣe ń mọ ohun tó yẹ kó fi sí i àti ohun tí kò yẹ?” Mo jókòó dáadáa. Àwọn ọmọ awo tó wà lọ́dọ̀ mi gan-an kì í sábà bi mí ní irú ìbéèrè yìí.

Àṣé ẹ̀dá kan ló ń ṣe fún eré tí wọ́n ń pè ní Shadowrun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin márùn-ún ló ń jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì bíi ti lúdò. Ẹnì kan ń pa ìtàn bí ẹni ń pa àlọ́. Àwọn yòókù, kálukú mú ẹnì kan nínú ìtàn náà, á sì máa sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Bó bá di ibi tí nǹkan lè bọ́ sí i tàbí kó má bọ́ sí i, wọ́n á da dáìsì. Àgbà irú eré yìí ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Shadowrun dé lọ́dún 1989, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ FASA. Ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2050, nílùú Seattle. Idán ti padà sáyé, iwin àti òmìrán ń rìn nígboro. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lágbára ju ìjọba lọ, àwọn èèyàn sì ń gé apá ara wọn láti fi ti irin rọ́pò.

Ajá ni ọmọ mi ṣe, ajá tí ilé iṣẹ́ kan mọ láti máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ó fún un ní ojú irin tó ń ríran lókùnkùn, eyín irin, awọ tí ọta ìbọn ò lè wọ̀. Kì í sùn. Iná kì í jó o. Idán kì í ràn án. Ó sì sọ ọ́ ní Ògún. Wọ́n ṣe eré náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ajá pa gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó dáìsì rẹ̀, ó lọ sílé. Eré bàjẹ́.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ní, “Kí ni Ògún máa ń jẹ?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ajá, sà.” Mo ní, “O wá mú orúkọ ẹni tó ń jẹ ajá, o fi sọ ajá?” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Mo wá sọ fún un pé òrìṣà kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń rọ, kó wá orúkọ mìíràn. Kò bá mi jiyàn.

Lẹ́yìn náà mo bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló ni ín? Kí ló ń jẹ? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Orí rẹ̀ dà?

Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́ wéré. Nígbà tó kan èèwọ̀, ó ní ohun ìjà ni, ohun ìjà ò ní èèwọ̀. Mo wá rán an létí ìtàn tó ti gbọ́ ní kékeré: bí Olódùmarè ṣe fún Ọbàtálá ní iṣẹ́ mímọ ènìyàn, bí òùngbẹ ṣe gbẹ ẹ́, tó mu ẹmu, tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi dúró mọ́. Ibẹ̀ la ti ní àwọn ẹni òrìṣà tí a kì í fi ṣẹ̀sín. Láti ọjọ́ náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún un àti fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní, “Ẹni tó ń mọ ènìyàn gan-an ní èèwọ̀. Ṣé ajá tìrẹ wá jù ú lọ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé eré náà sọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀dá mìíràn nínú rẹ̀ ò gbọdọ̀ rí oòrùn, irin kan lè máa jó òmíràn lára, òmíràn sì ní oúnjẹ kan tí kò lè ṣe kó má jẹ. Òun ló fo ibẹ̀, torí ó rò pé ajá òun á lágbára sí i.

Ó tún sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Nínú eré náà, kálukú ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Essence. 6 ni ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo irin tí o bá fi sára ló ń bù nínú rẹ̀, agbára idán rẹ náà á sì máa dín kù. Bó bá tán pátápátá, o kú. Inú mi dùn pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ara nìkan kọ́ ni ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni èmi àti ìwé wọn ti yà. Lọ́dọ̀ tiwa, irin kì í bá ẹ̀mí jà. Ògún ló ni irin, irin la sì fi ń tún ara ṣe. Ẹni tí dókítà fi irin sí lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ ò dín kù. Ìwà burúkú ló ń bu ènìyàn kù. Mo ní kó lọ ro ó wò: kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ajá yẹn kó tó di ohun ìjà?

Ní ọjọ́ kẹjọ ó tún pè. Ó ní ilé iṣẹ́ náà jí ajá náà gbé ni, ní ilé tálákà kan ní Redmond Barrens, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù nínú Seattle ti eré náà. Wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ eyín rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí orúkọ tí ọmọ ilé náà sọ ọ́ yọ kúrò lára rẹ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ nìyẹn: bí ẹnì kan bá pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní láti wá ọmọ náà káàkiri, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó lè kọjá. Wọ́n ṣeré títí di òru. Kò sẹ́ni tó kú, ajá náà ò kú. Ọ̀rẹ́ tó kó dáìsì lọ ti padà wá. Mo bi í ní orúkọ ajá náà. Ó ní awo ni, ẹni tó bá jókòó sí eré náà ló máa wá a rí.

Ẹ̀yin òbí, ìyá ọmọ yìí ti fẹ́ kó àwọn ìwé náà dànù, torí aládùúgbò kan sọ pé wọ́n ń pe Sátánì níbẹ̀. Kì í ṣe òní: láwọn ọdún 1980, ariwo kan náà ni àwọn kan pa lé Dungeons & Dragons lórí ní Amẹ́ríkà. Sátánì ni mo wí o, mi ò ní pè é ní Èṣù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Èṣù wa kì í ṣe Sátánì. Àwa tí wọ́n ti sọ irú òkò bẹ́ẹ̀ lù, kò yẹ ká ṣà á nílẹ̀ sọ lu ọmọ wa láìwo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi ìwé sílẹ̀, kó mọ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a ṣeré, kó rí i pé iṣẹ́ iléèwé ò dúró. Mo sì kìlọ̀ fún ọmọ náà pé dáìsì kì í ṣe ikin, kó má fi ṣe bí ẹni ń dá Ifá.

Bí ọmọ yín bá ń ya ẹ̀dá kan sínú ìwé, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé ta ló ni ín, kí ló ń jẹ, kí ni èèwọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ dà. Ẹ lè rí i pé òun náà ní ìbéèrè tó fẹ́ bi yín. Kí Olódùmarè má jẹ́ ká sọ àwọn ọmọ wa nù sí ọ̀nà jíjìn. Kí orí wọn má gbàgbé ilé. Àṣẹ.