Vega: Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ìyókù

Vega ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lyra. Nílẹ̀ Yorùbá, ó rọrùn láti rí i lálẹ́ oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò bá ti ń dín kù. Ẹni tó bá kọjú sí agbedeméjì àríwá àti ìwọ̀ oòrùn kété tí ilẹ̀ ṣú yóò rí i, funfun báláú.

Ìmọ́lẹ̀ a máa rin nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ọdún 25 ni ìtànṣán Vega ń lò lọ́nà kó tó dé ayé. Lójú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, ìtòsí nìyẹn. Friedrich Georg Wilhelm Struve wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti wọn bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó, iye tó sì gbé jáde fún Vega ní 1837 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òde òní mu. Ó ṣeni láàánú pé ó tún un wọ̀n, àtúnṣe tó tẹ̀ jáde ní 1840 sì mú kí ìràwọ̀ náà dà bíi pé ó sún mọ́ wa ní ìlọ́po méjì.

Bíi ti oòrùn, inú Vega lọ́hùn-ún ni iná rẹ̀ ti ń jó: háídrójìn ń para pọ̀ di hílíọ́mù, agbára tó ń tú jáde níbẹ̀ ló sì ń di ooru àti ìmọ́lẹ̀. Ìwúwo ìràwọ̀ náà ń fà á wọnú, ooru ń tì í síta, kò sí èyí tó borí. Ìpele yìí ni ìràwọ̀ ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ìwúwo ló ń sọ ọ́. Vega wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Nítorí náà, inú rẹ̀ gbóná ju ti oòrùn lọ, iná ibẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ju ti oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 40. Ohun ìdáná ìlọ́po méjì, ìnáwó ìlọ́po 40: ayé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gùn. Oòrùn yóò lo nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 10 ní ìpele yìí. Vega kò ní lò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù kan lọ. Lẹ́yìn náà yóò wú, yóò pọ́n, yóò sì tú awọ ara rẹ̀ dànù.

Nítorí pé ó mọ́lẹ̀, tó sì dà bíi pé kì í yí padà, àwọn onímọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe òdo lórí òṣùwọ̀n wọn, wọ́n sì ń fi àwọn ìràwọ̀ mìíràn wé e. Àṣé òṣùwọ̀n ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò rí bí wọ́n ṣe rò. Oòrùn ń lo nǹkan bí ọjọ́ 25 láti yí po lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bíi wákàtí 16 péré ni Vega ń lò. Eré àsápajúdé yìí ti mú kí ìbàdí rẹ̀ yọ síta. Ibẹ̀ jìnnà sí àárín ju orí rẹ̀ lọ, kò sì gbóná tó o: orí ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 10,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, ìbàdí sì fi ju ẹgbẹ̀rún kan lọ rẹlẹ̀ sí i. Ti oòrùn kò ju nǹkan bí 5,500 lọ.

Orí rẹ̀ ló kọ sí wa, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀. Ẹni tó bá ń wo òkòtó láti òkè gan-an, róbótó ni yóò máa rí. Ní 2006 ni àwọn awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n so pọ̀ lórí òkè Mount Wilson ní Kalifóníà fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ìhà tó mọ́lẹ̀ jù lára Vega ni aráyé ti ń fi wọn ìyókù látọjọ́ yìí.

Eruku tún yí i ká. Sátẹ́láìtì IRAS ló kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní 1983, nígbà tó gba ooru tó pọ̀ ju èyí tó yẹ kí ìràwọ̀ náà nìkan mú jáde lọ. Àwọn òkúta tó ń forí gbárí ló ń bí eruku ọ̀hún. Àwòrán tí awò James Webb yà, tó jáde ní 2024, fi hàn pé eruku náà tẹ́ rẹrẹ, kò sì sí ipa pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kankan tó hàn gbangba nínú rẹ̀.