Etí ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rù: ohùn àti òkùnkùn nínú àwọn fíìmù ìbẹ̀rù mélòó kan

Tí mo bá fẹ́ fi Faransé, èdè tí mo fi kàwé, sọ bí fíìmù kan ṣe bà mí lẹ́rù, « j'ai eu peur » ló máa ń yá mi lẹ́nu. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa bi mí pé: ṣé àyà rẹ já ni, àbí ẹ̀rù bà ọ́, àbí jìnnìjìnnì bò ọ́? Àyà jíjá kì í pẹ́: ilẹ̀kùn gbá gbàà, àyà já, ó tán. Ẹ̀rù ní tirẹ̀ máa ń wá jókòó tini. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni pé àwọn fíìmù ìbẹ̀rù tí mo fẹ́ràn jù mọ ìyàtọ̀ yìí, àti pé etí ni wọ́n fi ń kó ẹ̀rù jọ kí wọ́n tó já wa láyà.

Ẹ jẹ́ kí a mú La Féline, tí Jacques Tourneur, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Paris, ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942. Val Lewton ni olùgbéjáde rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RKO, owó tí wọ́n sì fún un kò tó nǹkan. Irena, obìnrin ará Serbia kan ní New York, gbà pé bí ìfẹ́ tàbí owú bá ru sókè nínú òun, òun yóò di ẹkùn dúdú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Alice, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ Irena, ń dá rìn lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà ìgbafẹ́. Irena ń tẹ̀ lé e. Kò sí orin kankan. Bàtà onígìgísẹ̀ obìnrin méjì là ń gbọ́: kó, kó, kó níwájú, kó-kó-kó lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ti ẹ̀yìn dákẹ́. Àwòrán kò fi ohunkóhun hàn wá, síbẹ̀ etí wa ti ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń bọ̀ kò wọ bàtà mọ́. Alice bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Lójijì ohùn kan bú bí ẹkùn. Bọ́ọ̀sì ni. Àyà wa já, a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yẹn kò bá má já ẹnikẹ́ni láyà bí kì í bá ṣe ẹ̀rù tí bàtà ti kó jọ ṣáájú. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sinimá ṣì ń fi orúkọ Lewton pe ọgbọ́n bọ́ọ̀sì yìí títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbàgbé bàtà.

Ìdí tí fíìmù yìí fi wọ̀ mí lára kò jìnnà. Obìnrin ni mí, apá Sakété ni wọ́n sì ti bí mi. Bí Orò bá ń bọ̀ lálẹ́, àwa obìnrin a wọlé, a ti ilẹ̀kùn, a pa iná. Etí nìkan ló kù fún wa. Láti kékeré ni ìyá àgbà ti kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ohùn náà ń lọ sọ́nà ọjà ni tàbí ó ń padà bọ̀. Ohun tó ń dún yẹn kì í ṣe tèmi láti sọ, n kò sì ń fi ẹ̀sìn wé eré. Ohun tí mo ń sọ ni pé ará ilé kan náà kì í bẹ̀rù bákan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà níta ń rí. Èmi ń gbọ́, ẹni tó ń gbọ́ ló sì ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Gbogbo òǹwòran inú òkùnkùn sinimá, lọ́kùnrin lóbìnrin, obìnrin inú ilé ni Tourneur sọ wọ́n dà.

Les Dents de la mer (1975) gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ ni Steven Spielberg fi ṣe requin, ẹja apanijẹ inú rẹ̀. Omi iyọ̀ òkun ba ẹ̀rọ ọ̀hún jẹ́ léraléra, ó sì ju wákàtí kan lọ kí a tó rí ẹja náà dáadáa. Orin John Williams, ohùn méjì tó ń tẹ̀ léra wọn, ló ń dúró fún un. Ibi tó wù mí jù ni èyí: nígbà tí ọmọkùnrin méjì fi lẹbẹ ẹja àtọwọ́dá dẹ́rù ba àwọn tó ń wẹ̀, orin kò dún. Fíìmù náà kò purọ́ fún wa. Etí wa wá gbà pé bí kò bá sí orin, kò sí ẹja. Ìgbà tí a gbà á tán ni ẹja yọrí lẹ́yìn ọkọ̀, láìsí orin, bí Brody ṣe ń da ìjẹ sómi.

Ẹnì kan lè ní: Les Yeux sans visage ńkọ́, fíìmù Georges Franju ti 1960, níbi tí dókítà ti ń fi abẹ bó awọ ojú ọmọbìnrin kan ní gbangba? Òótọ́ ni, ojú ni Franju lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Christiane, ọmọ dókítà, ojú tó bàjẹ́ nínú ìjàǹbá mọ́tò tí gbogbo ìtàn dá lé lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi hàn wá: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sì hàn kedere. Ìbòjú funfun ló kù.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn fíìmù Yorùbá tó ń ti Nàìjíríà wọ ọjà Àjàṣẹ́, àti èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ń ṣe. A ní ìtàn, a ní òru. Ṣùgbọ́n kí ìtàn tó ta gbòǹgbò, kọ̀ǹpútà ti ki iná bọ ojú àjẹ́, orin sì ti ń pariwo débi pé etí kò níṣẹ́ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi àìlówó ṣe àwáwí. Ìdákẹ́jẹ́ kì í gbowó.

Mati Diop mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Atlantique, tó gba Grand Prix ní Cannes lọ́dún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ilé gogoro kan ní Dakar kò rí owó iṣẹ́ wọn gbà. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Spéìn, òkun sì gbé wọn. A kò rí ọkọ̀ náà tó ń rì. Òkun là ń rí, léraléra, a sì ń gbọ́ ọ. Lálẹ́, àwọn òkú náà ń gun àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, ojú àwọn ọmọ yìí á funfun, wọ́n á rìn lọ sílé ọ̀gá tó jẹ gbèsè. Wọn kò bú ramúramù. Wọ́n jókòó nínú ilé rẹ̀, wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́, wọ́n sì ní kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè wọn.