Ìtìjú Kì Í Fún Ni Léèémí: Ohun Tí Ikọ́ Fée Kọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ oríkì ni mo fẹ́ kọ fún ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n mú ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá sílé mi. Àyà rẹ̀ ń súfèé. Ìyá rẹ̀ ní kí n ṣe oògùn fún un, kó lè ju ínhélà rẹ̀ nù pátápátá. Mo wo ọmọ náà, ara mi ni mo rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ tèmi jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ ò mọ̀ pé mo ní ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Mo ti lé ní ogójì ọdún kó tó mú mi, ó sì le. Mo fi pamọ́ fún yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù January 2019, tí ọyẹ́ mú gan-an, a lọ ṣe ìtẹ̀fá lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan, ní abúlé kan lẹ́bàá Òṣogbo. Mo fi Ventolin mi sílẹ̀ sílé. Mi ò gbàgbé rẹ̀ o, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni, kí àwọn awo má baà ní babaláwo tó ń wo ènìyàn ń fa oògùn òyìnbó sẹ́nu. Eruku, èéfín igi, òtútù òru, gbogbo wọn pàdé lórí mi. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, ó kàn mí láti sun ìyẹ̀rẹ̀, ohùn ò jáde. Mo jókòó, mo fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, àfi kí n tún mí kí n tó sọ ìkejì.

Ọmọ awo mi gun ọ̀kadà lọ sílé lọ mú un wá. A tẹ̀ ẹ́, ó fọ́n, ara ò rọ̀ mí. A tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà. Oògùn inú rẹ̀ ti tán! Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o: ínhélà lè máa fọ́n kí oògùn má sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìfọ́n 200 ló sábà máa ń wà nínú ẹyọ kan. Mi ò kà á rí.

Ọkọ̀ tó kó ẹran ìrúbọ wá ni wọ́n fi gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi ọ́kìsíjìn sí mi nímú, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkuukù bò mí lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Dókítà náà, ọmọ tí mo lè bí, bi mí pé, "Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ má fa èyí tẹ́ ẹ̀ ń fà láàárọ̀ àti lálẹ́ mọ́?"

Mo ní, "Èmi náà ni. Ara mi ti yá."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ Ifá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé ìgbà tí nǹkan bá dojú rú nìkan lẹ máa ń bọ ọ́ ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ohun tí àìsàn yìí jẹ́

Ikọ́ fée kì í ṣe ikọ́ ife o. Ikọ́ ife máa ń ràn, ikọ́ fée kì í ràn. Ẹ má ya abọ́ àti ife ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró wú, ó ń pọ́n, kò sì fẹ́ nǹkan kékeré. Bí eruku tàbí èéfín bá kàn án, iṣan tó yí i ká á fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí ìyókù. Afẹ́fẹ́ á wọlé díẹ̀, àtijáde á wá dogun. Òun ló ń súfèé yẹn. Ó sábà máa ń le lóru àti ní ìdájí, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa sọ pé ayé ló ń fún ni lọ́rùn. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí.

Oògùn méjì, iṣẹ́ méjì

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Èkíní ni salbutamol, tí Ventolin jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ó ń tú iṣan náà sílẹ̀ kíákíá, ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ló sì ń lò. Èkejì ni oògùn tó ń mú kí wíwú náà lọ sílẹ̀: beclometasone, budesonide tàbí fluticasone. Òun kì í yá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó mọ agbára rẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ sì gbọ́dọ̀ máa lò ó, bí ara yá tàbí kò yá. Ẹ má wo àwọ̀ nìkan, orúkọ oògùn tó wà lára páálí ni kẹ́ ẹ kà.

Bí iná bá ń jó òrùlé, omi la ń dà sí i, salbutamol nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbọ́n á ti ro ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí iná má rí ọ̀nà wọlé. Oògùn ojoojúmọ́ nìyẹn. Omi nìkan lèmi ń dà kiri. Láti 2019 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ásímà, GINA, ti ń sọ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́langba má lo salbutamol nìkan mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń lo ẹyọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún wà nínú ewu kí ó tún dá a gúnlẹ̀. Bó bá wá ń tó ẹyọ kan lóṣù, ewu ikú ló wà níbẹ̀. Èmi ń lo ẹyọ kan lóṣù, mo rò pé mò ń tọ́jú ara mi ni.

Èyí tí mò ń lò báyìí pa budesonide àti formoterol pọ̀. Bí mo bá fà á tán, mo máa ń fi omi yọ ẹnu, mo á tu ú dànù, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun lè hù sí ahọ́n àti ọ̀fun. Salbutamol ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n kí àyà sì lù. Ní ọjọ́ kan tí mò ń pa ikin, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ẹni tó wá dífá ń wojú mi. Lónìí, mo máa ń sọ fún wọn pé oògùn ni.

Ẹ̀yin ẹlẹ́fun, ẹ yọ ara yín níbẹ̀: ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi propranolol, tàbí timolol tí wọ́n ń kán sójú. Wọ́n lè fún ọ̀nà èémí pọ̀. Aspirin àti ibuprofen náà ń dá a gúnlẹ̀ fún àwọn kan. Prednisolone ń gba ẹ̀mí là nígbà ìnira, ṣùgbọ́n ẹ má máa rà á lẹ́yọ lẹ́yọ ní kẹ́místì. Ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń sọ egungun di aláìlágbára, ẹni tó bá sì ti lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdéédé dá a dúró.

Bí a ṣe ń fà á

Nọ́ọ̀sì kan ló fi hàn mí pé ara ọ̀fun mi ni mò ń fọ́n idà méjì oògùn sí. Ẹ mì ínhélà náà, ẹ mí síta, ẹ fi ẹnu di ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ti ń rọra fà á wọlé, kẹ́ ẹ sì di èémí mú tó kíka oókan dé ẹ̀wá. Fún ọmọdé, tàbí nígbà ìnira, ẹ lo ike tó ń gba oògùn dúró. Bí kò bá sí, ẹ gé ihò sí ìdí ike omi oní 500 ml, kó bá ẹnu ínhélà mu rẹ́gí, kí ẹnu ike náà wà lẹ́nu aláìsàn.

Bó bá dé lójijì, ẹ jẹ́ kí aláìsàn jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tẹ salbutamol sínú ike lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Bí kò bá rọ̀, ó di ọsibítù, kẹ́ ẹ máa fún un lọ lójú ọ̀nà. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, tí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, tàbí tí àyà tó ń súfèé ṣàdéédé dákẹ́ tí ara ò sì rọ̀ ọ́, ẹ má dúró ka nǹkan kan, ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun iṣẹ́ wa náà ń bẹ níbẹ̀

Ìyẹ̀rosùn, ẹ̀tù, àgúnmu tí à ń gún, èéfín ìdáná ẹbọ, ìyẹ́ adìyẹ: gbogbo wọn ń bá ọ̀nà èémí mi jà. Mo ti fi gígún lé àwọn ọmọ awo lọ́wọ́, ìta gbangba sì ni à ń jó ẹ̀tù. Jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, a ò sun oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá mọ́.

Owó rẹ̀ wọ́n, mi ò ní purọ́. Ní 2023 ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kó Ventolin wá kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, iye rẹ̀ sì fò. Ẹ bi apòògùn bóyá ó ní irú oògùn kan náà tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má fi èyí tó ń dènà àìsàn rúbọ nítorí àtira èyí tó ń paná. Àwa náà lè dá àjọ fún ẹni tí kò ní nínú ẹbí. À ń dá owó ọdún, ẹ jẹ́ ká dá ti èémí náà.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo bi Ifá, mo wúre fún un, mo sì sọ ohun tó yẹ kí wọ́n rú. Ìyá rẹ̀ ń retí oògùn. Mo nawọ́ sínú àpò Ifá mi, mo yọ ínhélà mi jáde, mo fà á lójú rẹ̀ àti lójú ọmọ náà. Ọmọ náà la ẹnu, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ní tiyín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín o, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó dá ti ọmọ padà sápò rẹ̀, kò jù ú nù.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ínhélà lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Agbo yín lè dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ sí i, kí oògùn ọmọ má sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ ká ṣi ẹ̀mí tó fi síkàáwọ́ wa lò. Kí èémí má wọ́n wa o. Àṣẹ.